Láti Lomé dé Mọlútẹhìn

Òórùn epo díísù tó pò mọ́ ti ọsàn tí ọmọ mi ń bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ padà wá bá mi bí mo bá ti rántí ìrìn àjò yẹn. A ti kúrò ní Abijan, a ti la ilẹ̀ Gáná já, a sì ti dé Lomé, nínú bọ́ọ̀sì gígùn kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé láti ìsàlẹ̀ dé ojú fèrèsé, tí òkè rẹ̀ sì funfun. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Abijan, jókòó sí apá kejì. Ọmọbìnrin mi wà láàárín àwa méjèèjì. Èmi ni mo ṣètò ìjókòó náà. Lọ́dọ̀ tiwa ní etí òkun Ìlàjẹ, àárín ọkọ̀ la máa ń fi ọmọdé sí, kí ó má baà ṣubú sómi bí ọkọ̀ bá fì. Ọmọ tèmi ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, bọ́ọ̀sì ọ̀hún ní ìlẹ̀kùn àti fèrèsé onígíláàsì, kò sì sí omi kankan lábẹ́ wa, ṣùgbọ́n mi ò fi ìyẹn ṣe. Àárín ni mo fi í sí láti Abijan, àárín náà ló sì wà.

Ohun tó gbé wa dé ojú ọ̀nà ni pé ọmọ náà fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Mọlútẹhìn, kí ó sì máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí a gbé e kúrò nílé. Òkun ti jẹ ọ̀wọ́ ilé tí tiwa wà nínú rẹ̀ ní Àwóyè tán. Ibi tí a ti ń sá ẹja tẹ́lẹ̀, ìgbì ló ń yí níbẹ̀. Ìyá mi kó lọ sí Mọlútẹhìn. Ọkọ mi bá àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Abijan, èmi sì tẹ̀ lé e, mo ń yan ẹja tà. Ibẹ̀ lọmọ dàgbà sí. Ó gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ, ohùn ìyá mi nìkan ló sì mọ̀, láti inú fóònù. Lọ́jọ́ kan, ó lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó ní òun fẹ́ lọ mọ ilé. Kò wá bá mi. Ó mọ ohun tí màá sọ.

Bàbá rẹ̀ gbà. Èmi kò fẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí, nítorí ilé ìyá tèmi gan-an lọmọ ní òun fẹ́ lọ. Ta ní í sọ pé kí ọmọ òun má lọ sọ́dọ̀ ìyá òun? Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo rí gbà lẹ́nu ọkọ mi tí mo fi tu ara mi nínú. Ó pe ọmọ, ó pe èmi náà, ó ní, “Bí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ pé o fẹ́ padà, ìbáà ṣe iwájú ilé ìyá àgbà lẹ dé, ìyá rẹ á mú ọ padà wá. Ẹnikẹ́ni kò ní bá ọ wí.” Ọmọ ní ó dára. Èmi náà ní ó dára. Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn yẹn ni mo ń retí. Mo retí rẹ̀ ní ibodè Gáná, mo retí rẹ̀ ní Akrá níbi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lápá títí ó fi wú. Kò sọ ọ́. Nígbà tí a fi máa dé Lomé, tí ìrìn àjò ti ń lọ sópin, ọkàn mi kò lélẹ̀ mọ́.

Òwúrọ̀ la kúrò ní Lomé. Títì ibẹ̀ ń bá òkun lọ, àgbọn nìkan ló wà láàárín wọn, atẹ́gùn iyọ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ mi ṣí ike atíẹ́kẹ́ tó ṣẹ́ kù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Abijan. Mo ti sá a gbẹ kí a tó kúrò nílé kí ó má baà kan, omi la máa ń wọ́n sí i kí a tó jẹ ẹ́.

“Ó ti tán nìyẹn o,” mo wí. “Wọn kì í tà á níwájú.”

“Ṣebí ẹ ní pupuru wà níbẹ̀?”

“Pupuru le lọ́nà ọ̀fun ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ. Òórùn èéfín sì wà lára rẹ̀.”

“Ó wà lára yín náà, Màmá, mo sì ń bá yín sùn.”

Ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orókún mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń sọ pé pupuru kò ṣiṣẹ́, kí n wá nǹkan mìíràn. Bí mo ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Mi ò ní fi gbólóhùn yẹn sí i lẹ́nu, nítorí mo ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀fọn, gbogbo gálọ́ọ̀pù, gbogbo ilé ìtura tí omi kò yọ, ni mo fi ń tọ́ka sí i bí ẹni ń tọ́ka sójú ọgbẹ́. Mo máa ń bi í bóyá orí ń fọ́ ọ. Orí kì í fọ́ ọ.

Ní ibodè tó wà láàárín Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀, kí wọ́n já ẹrù sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n ń dà á padà, mo rí i pé apá òsì ni wọ́n ń kó gbogbo èyí tó wúwo sí: àpò ìrẹsì, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹnì kan, àti ìkòkò ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo tọ awakọ̀ lọ, ọkùnrin kúkúrú kan tí aṣọ ìnura kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

“Bọ̀dá awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín ẹrù yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń tẹ̀ sí.”

“Ìyá, táyà ló gbé e o, kì í ṣe omi.”

“Ohun tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á dojú dé níbikíbi.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ará ibo lẹ?”

“Ìlàjẹ.”

Ó yíjú sí àwọn tó ń kó ẹrù. “Ẹ bá mi gbé ìkòkò yẹn sápá ọ̀tún. Bí a bá lọ rì sínú títì báyìí, wọ́n á ní ìyá yìí ti sọ fún mi.”

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, àti ọmọ mi. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pín in dáadáa. Nígbà tí a wọlé padà, ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní òun ti ń gba ọ̀nà náà láti ìgbà tí òun ti wà ní wúńdíá, òun kò sì tíì rí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì ṣe ọkọ̀ ojú omi rí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ibodè náà tí títì gba orí afárá gígùn kan kọjá, níbi tí odò ti tẹ́ rẹrẹ kí ó tó bọ́ sínú òkun. Àwọn apẹja wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń ju àwọ̀n. Ọmọ mi nà kọjá lórí itan mi, ó fi iwájú orí kan gíláàsì. Mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

“Wo omi yín,” ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ wí fún un. “Ìwọ á mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja.”

“Rárá, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Irọ́ ni! Ọmọ Ìlàjẹ? Ìyẹn dà bí ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń sá fún iná.” Ó yíjú sí mi. “Ìyá ọlọ́mọ, kí ló dé tí ẹ ò kọ́ ọ?”

Ó di dandan kí n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà ní í ṣe é. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ìyá yá jù: kí omi tó kan àgbọ̀n ọmọ, ìyá ti fà á sókè, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ní mọ̀ láé pé omi lè gbé òun. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ, wọ́n a lé ìyá rẹ̀ wọnú ilé, wọ́n a fún un níṣẹ́ ọwọ́, wọ́n a ní kí ó kẹ̀yìn sí omi. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ ìyá mi nìyẹn. Ní Abijan, kò sí ìyá àgbà kankan lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ní kí òun kọ́ ọ, mo ní kì í ṣe iṣẹ́ bàbá. Bẹ́ẹ̀ lọdún ń gorí ọdún. Àṣà ni mo ń pa mọ́, ṣùgbọ́n àṣà náà bá mi lára mu ju bó ṣe yẹ lọ: ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kì í bá wọn lọ sójú omi, ọmọ tí kì í lọ sójú omi, ọ̀dọ̀ mi ló ń wà.

“Ṣé wọ́n á wá lé yín wọlé nísinsìnyí?” ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè.

“Bí a bá débẹ̀,” mo dáhùn.

“Bí a bá débẹ̀ kẹ̀?” Ó wò mí, ó sì wo ọmọ.

Ní Kútọnu, ọkọ mi pe mí. Ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ó béèrè bóyá a ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé ó ti sọ ọ́?”

“Kò tíì sọ ọ́.”

“Má fi sí i lẹ́nu o.”

“Ta ló fi nǹkan sí i lẹ́nu? Mo kàn ń bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni.”

“Ìgbà mélòó lo ti bi í lónìí?”

Mo gbọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀rín náà sì já wálẹ̀ láàárín. Àárò wa ń sọ òun náà. Láti ìgbà tí a ti kúrò, ó ní òun ń gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀ tí òun bá fẹ́ jẹun.

A wọ Nàìjíríà láti Sẹ̀mẹ̀, a sì dé Èkó lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé náà ti parí ìrìn rẹ̀. Ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọmọ mi ní abọ́ funfun kan tí òdòdó pupa wà ní ìdí rẹ̀, ó ní kí ó máa fi jẹ pupuru rẹ̀. Nígbà tí ọmọ lọ bá awakọ̀ wá àpò wa, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá ọlọ́mọ, ọmọ yìí kò ní sọ ohun tí ẹ ń retí.”

“Kí ni mo ń retí?”

“Ó wà lójú yín láti Akrá. Bí ó bá ti lanu báyìí, ẹ ó ti na etí.” Ó tún gèlè rẹ̀ so. “Ọmọ tèmi, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ó ti bí ọmọ méjì báyìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá délé, a máa ń kọ́kọ́ kí ara wa bí àlejò, kí ó tó di ọjọ́ kejì tí a tún ń mọ ara wa.”

“Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé. Bí mo bá kú sí Abijan lónìí, òun ló mọ ibi tí wọ́n máa sin mí sí.” Ó gbá mi lẹ́yìn, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. A jọ rin gbogbo ọ̀nà yẹn, “ìyá ọlọ́mọ” àti “màmá” la ń pe ara wa.

Láti Èkó, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kékeré la wọ̀, a gba Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọ̀rẹ̀, a yà sí Òkìtìpupa. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ṣe mí tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Bí a ti ń sún mọ́ Igbókọ̀dá, tí ilẹ̀ pupa ń parẹ́, tí iyanrìn funfun ń yọ, tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ ń pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo gbàgbé ohun tí mò ń retí. Mo ń fọwọ́ tọ́ka. Mo ń sọ pé ibí yìí ni wọ́n ti ń ta ẹja, ibí yìí ni a ti máa ń sọ̀ nígbà tí mo wà nílé ìwé, wo bí omi ṣe dúdú níbí, omi iyọ̀ kò tíì dé ibí ni. Obìnrin kan kọjá tó ń kí ẹnì kejì rẹ̀ ní ohùn Ìlàjẹ gidi, ojú mi sì kún fún omi láìròtẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò ní Abijan, mo rò pé ọkàn mi ti gba ibẹ̀. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ fún wa pé ẹni tó bá pẹ́ lóko jù, ilé náà a máa dùn ún bí egbò.

Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. “Màmá, ṣé ó rẹ̀ yín ni?”

Òun ló wá ń bi èmi.

Ní èbúté Igbókọ̀dá, a wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Mo wọ̀ ọ́ fún ọmọ, mo fa gbogbo okùn rẹ̀ le, mo sì ní kí awakọ̀ fún mi ní òmíràn kí n wọ̀ ọ́ lé e. Ọkùnrin náà ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mí.” Ní gbogbo ọ̀nà, ojú ọmọ mi kò kúrò lára omi. Ó ń wo bí omi ṣe ń là níwájú ọkọ̀, ó ń wo àwọn ilé tí òpó gbé sókè lórí omi, ó ń wo àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń dá ọkọ̀ tù. Bí ọkọ̀ wa ṣe kọjá, ìgbì rẹ̀ ń gbé wọn sókè sódò, wọ́n sì ń juwọ́ sí i.

Ìyá mi dúró lórí pákó iwájú ilé rẹ̀. Ìye la máa ń pe ìyá lọ́dọ̀ tiwa, Ìye ni mo sì pè é kí ẹsẹ̀ mi tó kan pákó. Kò tíì dá mi lóhùn tó fi di ọmọ mi mú. “Ọma mi,” ó wí, “ṣé ìwọ nìyí? Ṣé ìwọ rèé?” Ó ń tú okùn ẹ̀wù ọsàn náà bó ṣe ń wí i. “Ta ló di ọmọ báyìí bí ẹrù?”

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ló kọ́kọ́ délẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń jọ tu ọkọ̀ kan lọ ni, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ti fi lélẹ̀ pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ náà. Ìyá mi bi ọmọ, ọmọ ní òun kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni ìyá mi yíjú wò, kì í ṣe ọmọ.

“Ta ni ìbá kọ́ ọ, Ìye? Ẹ ò sí níbẹ̀.”

“Mo wà níbí báyìí,” ó wí. “Bí omi bá kún lọ́la, á bọ́ sínú rẹ̀. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n kí o tó lọ, mú un dání. Mi ò ní gba ọmọ tí màá máa so mọ́ òpó.”

Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Kò yẹ kí n sùn dáadáa, ṣùgbọ́n mo sùn. Lójú mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ tí kò ti ibi kékeré bẹ̀rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan? Mo ti ń ronú ibi tí a ó ti ra ọsàn tí a bá ń padà.

Nígbà tí omi kún ní ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja síwájú mi, ó fún mi lọ́bẹ, ó sì fi mí jókòó sínú ilé, tí mo kẹ̀yìn sí odò. Mo ń gbọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ tí ìyá mi ní, “Fi orí lé ọwọ́ mi. Tú ọrùn sílẹ̀.” Mo gbọ́ omi tó ta pàù, mo gbọ́ ikọ́, mo gbọ́ igbe. Mo dìde.

“Jókòó!” ìyá mi ké láti inú omi. Kò rí mi o. Ó kàn mọ̀.

Mo jókòó. Àwọn ọmọ tó wà lórí afárá pákó ń pariwo, “Ará òkè! Ará òkè!” Bí a ṣe ń pe àwọn tí kò mọ omi nìyẹn, kò sì sí èébú tó dun ọmọ Ìlàjẹ jù ú lọ. Ọmọ mi rì, ó jáde, ó tún rì, títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo nù ún lára bí ọmọ ọwọ́. Kò kọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì jókòó sórí pákó, a fi ẹsẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́.

“Màmá, bóyá ká kúkú padà.”

Gbólóhùn tí mo ti ń retí láti Abijan nìyẹn. Ó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, mi ò fi sí i lẹ́nu. Mo yíjú láti dá a lóhùn, mo sì rí i pé kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wò. Wọ́n ń bọ̀ láti apá ibi tí omi ti yà, wọ́n ń kọrin, àjẹ̀ wọn ń bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn sì ti bọ́ bàtà rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ń tẹ̀ lé wọn lójú títí wọ́n fi gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Mo mọ ojú náà. Òun ni mo fi máa ń wo òkun ní Abijan tí mo bá ń yan ẹja, tí èéfín bá ṣí díẹ̀, tí mo bá kọjú sí apá ibi tí mo rò pé ilé wà.

“Omi á tún kún lọ́la,” mo wí. “Dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí o bá ṣì sọ ọ́ lẹ́yìn náà, a ó lọ.”

Títí di báyìí, mi ò mọ ẹni tó fi ẹnu mi sọ ọ́. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé òun kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó fi orí lé èjìká mi, omi iyọ̀ ṣì wà nínú irun rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi pè, mo sọ fún un bó ṣe rí. “Ó ti sọ ọ́.”

“Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?”

“Mo ní kó dúró di ọ̀la.”

“Ta ló ní kó dúró?”

“Èmi.”

“Ìwọ?” Ó pariwo débi pé ìyá mi gbọ́ ọ láti ìdí ààrò. “Fún Ìye ní fóònù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara ìyàwó mi yá.”

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gba ọ̀bẹ fúnra mi, mo sì kẹ̀yìn sí omi láìjẹ́ pé ẹnì kan lé mi. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi, mo gbọ́ ikọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ láyé ni kí omi dákẹ́ tí ọmọ mi wà nínú rẹ̀, mo sì jókòó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹja kan mú, mo tẹ̀ ẹ́ títí ìfun rẹ̀ fi tú sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa jáde, kò jáde láti abẹ́ ilé níbi tí mo ti na etí sí. Apá kejì odò ló ti wá, ó jìnnà, ó sì tinrín.

“Màmá! Ẹ wẹ̀yìn!”

Mo wẹ̀yìn. Ó wà ní òdìkejì, ó di gbòǹgbò igi etí omi mú, eyín rẹ̀ funfun láti ibẹ̀. Kò sí ẹni kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi dúró sínú omi lẹ́bàá ilé, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni pé ó ń sọ fún mi pé òun kò fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ orí afárá ti ń bọ́ sínú omi lọ bá a, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo ju ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹja kún sókè, mo sì ń juwọ́ sí i. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé èmi nìkan ni mo máa gba ọ̀nà náà padà.

Kò tún sọ gbólóhùn yẹn mọ́. Mo dúró títí mo fi rí i tó wọ ọkọ̀ ilé ìwé, mo ń wò láti ojú fèrèsé, mo sì rí i pé àárín kọ́ ló jókòó sí. Iwájú ni, níbi tí omi ti ń ta sí ojú. Ẹnu mi yún mi. Ìyá mi fi ìka kan ètè, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn báyìí. Ó ga jù mí lọ. Lórí fóònù, ohùn Ìlàjẹ ló fi máa ń dá mi lóhùn, bí mo bá sì bá a sọ Faransé, ó máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó rántí. Ọdọọdún ni mo ń lọ wò ó. A máa ń kọ́kọ́ kí ara wa bí àlejò, bí ìyá yẹn ṣe wí, kí ó tó di ọjọ́ kejì. Ọmọ tó ń dúró dè mí ní Mọlútẹhìn, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń fi í yangàn. Síbẹ̀, òmíràn wà tí àárò rẹ̀ ń sọ mí, ọmọ tí ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó wà láàárín èmi àti ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo lè fọwọ́ kàn nígbàkúùgbà. Ìyẹn kò sí ní Abijan mọ́, kò sì sí lọ́dọ̀ ìyá mi.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi kì í wọ ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n ní ojú ọ̀nà ti kọjá ohun tí egungun mi lè gbà. Mo máa ń ní ẹ̀rù òfúrufú ń bà mí, wọ́n sì máa ń gbà mí gbọ́, nítorí wọ́n mọ̀ mí. Nínú bọ́ọ̀sì, bí awakọ̀ bá ń rọra jù, àwọn èrò á máa pòṣé, wọ́n á máa bi í bóyá ó ń sin òkú lọ ni. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Láàárín Lomé àti Sẹ̀mẹ̀, lójú tèmi, ọmọ mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì kúrò lọ́dọ̀ mi.